Òjìji Òkúta Mẹ́fà

Aago méjìlá ọ̀sán ni gbogbo ìlú tí mo bá kọ́ máa ń wà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ọ̀sán ju àkókò yòókù lọ. Bí a bá ṣí ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ máàpù géèmù, aago méjìlá ló kọ́kọ́ máa ń gbé wá, ibẹ̀ lèmi náà á sì ti bẹ̀rẹ̀. Màá to ilé, màá la òpópónà, màá gbin igi, màá sì dìde lọ jẹun. Odidi ọdún méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì wa, kò sẹ́ni tó bi mí pé báwo ni àwọn ìlú náà ṣe ń rí bí ọjọ́ bá rọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ bi mí ni ọmọbìnrin tí ọ̀gá wa gbà síṣẹ́ pé kó máa bójú tó ìmọ́lẹ̀ inú géèmù. Lọ́jọ́ kejì tó dé, ó fa àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ìlú yìí?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ ti wò ó ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ rí?"

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní aago márùn-ún?"

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè ojú kọ̀ǹpútà, wákàtí mẹ́rìnlélógún ọjọ́ ló wà lára rẹ̀. Ó fi máòsì mú un, ó rọra ń fà á lọ sí ọ̀tún. Oòrùn gbéra láàárín ọ̀run, òjìji bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, ìmọ́lẹ̀ ti ń gba inú ògiri báńkì tí mo kọ́ síbẹ̀ kọjá bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gba inú aṣọ. Ògiri tí mo kọ́ kò kan ara wọn. Oòrùn tó wà lókè orí lọ́sàn-án ni kì í jẹ́ kó hàn.

"Ilé yín ń jò," ó ní. "Ìmọ́lẹ̀ ló ń jò wọlé."

"Bóyá kò ní sẹ́ni tó máa ṣeré níbẹ̀ ní aago márùn-ún."

"Ilẹ̀ á ṣáà ṣú lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n Ọ̀sán Gangan."

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Bí orúkọ yẹn ṣe lẹ̀ mọ́ mi lára nìyẹn. Èmi náà sọ ọ́ ní Ìrọ̀lẹ́, mo rò pé mò ń gbẹ̀san ni, àfi bó ṣe rẹ́rìn-ín tó ní òun gbà á, orúkọ tó dáa ni.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ọjọ́ tí kò fa àga rẹ̀ wá. Ó ń tọ́ka, mò ń tún ògiri ṣe. Nígbà tó yá, iṣẹ́ mi mọ́ débi pé kò rí nǹkan kan wí mọ́, kò sì wá mọ́. Ẹ̀gbẹ́ mi wá ṣófo bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá àṣìṣe sílẹ̀ ní mọ̀ọ́mọ̀, òrùlé kan níhìn-ín, fèrèsé kan lọ́hùn-ún.

Lọ́jọ́ kẹrin ó dé pẹ̀lú àga rẹ̀. Ó wo òrùlé kan títí.

"Èyí ò ṣèèṣì là. Èèyàn ló là á."

"Ta ló máa ṣe irú ẹ̀?"

"Ẹni tó fẹ́ kí n wá jókòó. Bó bá jẹ́ jíjókòó lo fẹ́ kí n wá jókòó, sọ pé, 'Wá jókòó.' Má ba ilé onílé jẹ́."

Ó ti pa "ẹ" tì, mo sì gbọ́ ọ.

"Wá jókòó," mo ní.

"Mo ti jókòó."

Ohun kan ṣoṣo la máa ń jà lé lórí. Àwòrán àgádágodo kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi aago náà. Bó bá wà ní títì, oòrùn á máa tẹ̀ lé aago. Bó bá jẹ́ aago mẹ́wàá lo kọ, ibi tí oòrùn aago mẹ́wàá yẹ kó wà ló máa wà. Àmọ́ bí o bá ṣí i, o lè fi ọwọ́ mú oòrùn kó o gbé e síbi tó wù ọ́, aago á sì máa sọ ohun tó ń sọ tẹ́lẹ̀. Èmi fẹ́ràn láti máa ṣí i. Bí ilẹ̀kùn kan bá rẹwà, mo máa ń fa oòrùn wá síwájú rẹ̀ ni.

"Àwọn tó ń ṣeré á mọ̀," Ìrọ̀lẹ́ á wí.

"Wọn ò lè mọ̀."

"Ojú wọn á mọ̀, bí ẹnu wọn ò bá tiẹ̀ lè sọ ọ́. Tì í padà."

Bó bá ti yíjú, màá tún ṣí i.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà, nígbà tí a ti pinnu láti fẹ́ ara wa, kó tó mú mi lọ sílé wọn. Onífọ́tò ni bàbá rẹ̀. Sitúdíò wà nísàlẹ̀, ilé wà lókè, òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n sì tò síwájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin. Bàbá gbà mí sí sitúdíò, láàárín aṣọ ìkélé àti kámẹ́rà àtijọ́. Ìyá rẹ̀ gbé tíì wá, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọmọ mi ní géèmù lo ń ṣe," Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èyí tí àwọn ọmọdé ń ṣe?"

"Àgbà náà ń ṣe é, sà."

"Àgbà wo nìyẹn?"

Ìyá rẹ̀ fi ife tíì bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Bàbá ní kí n gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi jáde kí òun rí i. Mo ti múra sílẹ̀ dè é. Mo ṣí làptọ́ọ̀pù, mo gbé àdúgbò kan tó dára jù lọ lára iṣẹ́ mi síwájú rẹ̀. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Aago mélòó nìyí?"

Mo wo igi aago. "Aago mẹ́wàá àárọ̀, sà."

"Rárá o."

"Ó wà níbẹ̀, sà. Ẹ wò ó, mẹ́wàá."

"Mo rí ohun tí wọ́n kọ. Òjìji igi yìí gùn ju igi náà lọ. Kì í ṣe òjìji aago mẹ́wàá nìyí. Oòrùn yìí ti fẹ́ máa lọ sílé."

Mo wo Ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ló ń wò. Kò sí ibi tí mo fẹ́ gbà, mo sọ òótọ́. Mo ní èmi ni mo fi ọwọ́ fa oòrùn síbẹ̀, torí pé ó bá ilẹ̀kùn ilé náà mu.

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ̀lú etí aṣọ.

"Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ya fọ́tò. Bí oòrùn ò bá sí níbi tí mo fẹ́, mo máa ń dúró dè é ni. Mo ti dúró láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán nítorí fọ́tò kan ṣoṣo. Ìwọ, o fà á. O sì jókòó síwájú mi, o ní aago mẹ́wàá ni." Ó dá làptọ́ọ̀pù padà fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń dá ọmọ ọlọ́mọ padà. "Ẹni tó lè fa oòrùn kúrò nípò kí iṣẹ́ rẹ̀ lè dára lójú, kí ni kò ní fà nínú ilé ọmọ mi? Mu tíì rẹ. O ṣeun tó o wá."

Mo mu tíì náà. N kò mọ bó ṣe dùn.

Lójú ọ̀nà, Ìrọ̀lẹ́ kò sọ pé, "Ṣebí mo sọ fún ọ." Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

"Mi ò ní bá bàbá mi jà nítorí ọkọ," ó ní. "Mi ò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn. O rí i pé ọ̀rọ̀ yìí le."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Ìwọ lo fẹ́ràn àlọ́ àti ohun tó díjú. Tú èyí."

Oṣù méjì kọjá, n kò rí i tú. Ní ọ́fíìsì, à ń ṣiṣẹ́, à ń kí ara wa, àga rẹ̀ sì wà ní àyè rẹ̀. Mo ń bi ara mi bóyá irú èèyàn tí bàbá rẹ̀ pè mí náà ni mo jẹ́. Mo rántí gbogbo ilẹ̀kùn tí mo ti fa oòrùn síwájú wọn, n kò rí ẹnu fi gbèjà ara mi.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo jáde lọ jẹun lọ́sàn-án, obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì fa àga, ó jókòó sí iwájú mi láìbéèrè. Àbúrò ìyá Ìrọ̀lẹ́ ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ìwọ ni afoòrùnṣeré?"

"Ẹ káàsán, Àǹtí."

"Máa jẹun lọ. Oúnjẹ ò ṣẹ̀ ọ́." Ó yọ fọ́tò kan jáde nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì. Ọmọbìnrin kan dúró níwájú ilé, ó fara jọ Ìrọ̀lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé láti jẹ èyí tó wà lẹ́nu mi. Òjìji rẹ̀ nà gbọọrọ lórí òkúta pẹlẹbẹ tó wà níwájú ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ọjọ́ tí bàbá yẹn kọ́kọ́ fẹ́ wá kí wa nílé, ó ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lòun ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọṣọ, ó jókòó sójú fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, èmi ni wọ́n ń rán pé kí n lọ yọjú síta wò ó bóyá ó ń bọ̀. Mo yọjú yọjú, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn. Nígbà tó dé, ó ya fọ́tò yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní aago mẹ́rin ti lù nígbà yẹn, pé òun jókòó lórí àga fún wákàtí mẹ́fà, tí àwọn ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní aago mẹ́wàá lòun dé. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń jà á."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Àǹtí? Ẹ wà níbẹ̀."

"Mo ti sùn lọ. Nígbà tí mo jí, ó ti ń jẹun nílé wa."

"Àmọ́ òjìji yìí, apá tó wà..."

"Apá ìrọ̀lẹ́ ló wà, a mọ̀. Bàbá ní wọ́n yí nẹ́gẹ́tíìfù, fíìmù fọ́tò náà, sódì nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, pé ọ̀tún ló di òsì. Ta ló fẹ́ bá onífọ́tò jiyàn?" Ó sún mọ́ mi. "Mo ti bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ títí ẹnu mi fi bó. Ó ní kó o fi ẹ̀rọ rẹ sọ aago tóun ya fọ́tò yìí. Bó o bá sọ ọ́, òun á tún ọ̀rọ̀ rẹ gbé yẹ̀ wò. Ṣé o ń gbọ́ mi? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá yẹn ti ń sọ pé mẹ́wàá. Mẹ́-wàá. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ó dìde, ó mú ẹran kan nínú abọ́ mi, ó lọ.

Ilé tó wà nínú fọ́tò náà ṣì wà, ẹ̀gbọ́n ìyá Ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé inú rẹ̀. Èmi àti Ìrọ̀lẹ́ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú tépù. Wọn ò tíì yí òkúta iwájú rẹ̀ padà. Ó di ẹnu tépù mú, mo wọn òkúta kọ̀ọ̀kan, mo wọn ojú ọ̀nà, mo wo ibi tí ilé náà kọjú sí. Ìyá rẹ̀ gbà kí a wọn òun náà, tòun ti bàtà. Nígbà tí mò ń ká tépù, ó ní, "Ohun tó o bá rí ni kó o sọ," kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ àdúgbò náà sórí kọ̀ǹpútà, gbogbo òkúta rẹ̀ pé. Mo gbé ère kan tó ga bí ìyá rẹ̀ sí ojú ibi tó dúró sí. Mo kọ ọjọ́ tó wà lẹ́yìn fọ́tò síbẹ̀. Mo ti àgádágodo.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, àwọn yòókù ti lọ jẹun. Ìrọ̀lẹ́ fa àga rẹ̀ wá fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù méjì yẹn.

"Kọ mẹ́wàá," ó ní.

Mo kọ mẹ́wàá. Òjìji ère náà gba òkúta méjì àti díẹ̀. Nínú fọ́tò, òkúta mẹ́fà ló gbà, ó kan etí ìkẹfà gan-an. Mo rọra ń fa igi aago lọ. Ní aago mẹ́ta, kò tíì pé òkúta mẹ́rin. Nígbà tó di aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kan etí òkúta kẹfà.

"Bí wọ́n bá yí i sódì lóòótọ́ ńkọ́?"

"Yíyí sódì lè gbé òjìji láti ọ̀tún lọ sí òsì. Kò lè fà á gùn." Mo fà á padà sí àárọ̀ kó lè rí i. Kò sí ìgbà tí òjìji gùn tó òkúta mẹ́fà láàárọ̀, àfi kí aago mẹ́jọ tó lù. "Bàbá rẹ ò sì sọ pé mẹ́jọ."

Ó tún fi ìka ka òkúta inú fọ́tò náà.

"Ṣí àgádágodo yẹn," ó ní.

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa.

"Ṣí i. Kọ mẹ́wàá, kó o fa oòrùn sísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ìwọ lo ní kí n máa tì í."

"Mo mọ ohun tí mo sọ!" Omi ti lé sójú rẹ̀. "Bàbá mi ò ní rí i. Àǹtí á dunnú. Màmá mi ti gbé e mọ́ra fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò ní pa á lónìí. Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi tàbí o ò fẹ́?"

Mo fi máòsì sórí àgádágodo náà. N kò ní parọ́, ọwọ́ mi fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Mo ti tẹ̀ ẹ́ nítorí ilẹ̀kùn lásán, nítorí òdòdó, nítorí àwọ̀ omi. Èyí tí mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún lónìí ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n mo rí bàbá rẹ̀ lọ́kàn mi, bó ṣe ń nu awò ojú rẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà dé.

"Mo fẹ́ fẹ́ ọ," mo ní. "Ìdí nìyẹn."

Ó nu omi ojú rẹ̀. Kò gbé àga rẹ̀ kúrò.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn jókòó sí sitúdíò: Bàbá, Màmá, Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó ń fi ojú sọ mẹ́wàá fún mi láti ibi tó wà, àti Ìrọ̀lẹ́. Mo ṣí làptọ́ọ̀pù. Mo fi àgádágodo han Bàbá kí n tó ṣe ohunkóhun, mo ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, mo jẹ́ kó rí i pé títì ló wà. Lẹ́yìn náà mo ní kí òun fúnra rẹ̀ fa igi aago.

Ó fà á dé mẹ́wàá, ó wò ó. Ó ń fà á lọ. Nígbà tí òjìji kan etí òkúta kẹfà, ó gbọ́wọ́ kúrò.

"Aago mélòó ló kọ síbẹ̀? Ojú mi ò ríran dáadáa."

"Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sà."

"Bí mo bá ní wọ́n yí i sódì ńkọ́?"

"Á di aago mẹ́jọ kù díẹ̀ àárọ̀, sà. Kò lè jẹ́ mẹ́wàá. Ẹ má bínú, sà."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì káwọ́ lé orí. Màmá kò yọ̀, kò pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò lórí itan rẹ̀, bí ẹni tó ti gbé ẹrù pẹ́, tí wọ́n wá sọ ọ́ kalẹ̀ fún un lójijì.

Bàbá dìde, ó wọ yàrá ẹ̀yìn. A gbọ́ bó ṣe ń ṣí dúrọ́ọ̀. Mo rò pé ó ti parí. Nígbà tó padà, àpòòwé pupa rẹ́súrẹ́sú kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ fọ́tò kan jáde, ó gbé e fún mi.

"Wo èyí náà."

Ilé kan náà ni, láti òdìkejì ọ̀nà. Ojú ọmọbìnrin kan hàn ní fèrèsé. Ọmọdébìnrin kan dúró síta lórí òkúta, ó na ọrùn, ó ń wo ìsàlẹ̀ ọ̀nà.

"Yéè, èmi rèé!" Àǹtí Nọ́ọ̀sì pariwo.

"Òjìji rẹ̀ ńkọ́?" Bàbá bi mí.

Mo ka òkúta. Kò tó méjì. Mo wo bí ọmọ náà ṣe ga tó. "Mẹ́wàá, sà," mo ní. "Tàbí méjì ọ̀sán, bí wọ́n bá yí i sódì."

"Wọn ò yí i sódì."

Màmá ti gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi. "Ẹ wà níbẹ̀," ó ní.

"Mo wà níbẹ̀. Lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù oníbàtà tó dojú kọ ilé yín. Mo débẹ̀ kí mẹ́wàá tó lù. Mo rí ọ ní fèrèsé. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi sọdá."

"Wákàtí mẹ́fà?"

"Oníbàtà yẹn tún bàtà mi ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ohun tó ṣe é."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n!"

"Ó sàn kó o máa pè mí ní òpùrọ́ ju kó o máa pè mí ní ojo lọ." Bàbá jókòó. "Ó sàn fún mi nígbà náà."

Màmá wo fọ́tò, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí omijé wà nínú rẹ̀. "Àga yẹn le," ó ní. "Ẹ̀yin tiẹ̀ rí òrùlé dúró sábẹ́ rẹ̀."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rántí mi. Bàbá ló kọ́kọ́ rántí.

"Ìwọ. Ìgbà wo ni àwọn èèyàn rẹ ń bọ̀?"

"Sátidé tó ń bọ̀, bẹ́ ẹ bá fẹ́, sà."

"Aago mélòó?"

Màmá ló dáhùn. "Mẹ́wàá. Kó má sì dúró sí òdìkejì ọ̀nà."

Lọ́jọ́ Sátidé náà, èmi àti ìyá mi àti àbúrò bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà. Mo rí Ìrọ̀lẹ́ ní fèrèsé òkè. Ẹsẹ̀ mi kọ̀.

"Kí la dúró ń ṣe?" ìyá mi bi mí.

"Kò sí, Màmá." Mo sọdá.

Kí n tó kan ilẹ̀kùn, ó ti ṣí. Bàbá dúró níbẹ̀ tòun ti kámẹ́rà lọ́rùn. Ó ní kí n má mira. Ó ya fọ́tò mi, ó wá wo ilẹ̀, ó sì fi ìka ka òkúta tí òjìji mi dùbúlẹ̀ lé.

"Méjì àti díẹ̀," ó ní. "Ẹ wọlé."